Kóòṣì Tó Ń Wọ Pápá Fúnra Rẹ̀: Ọ̀rọ̀ Robert Jaworski ti Filipínì

Eré ìdárayá la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí, àmọ́ kì í ṣe bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ tí tọmọdé tàgbà wa mọ̀ bí ẹní mowó. Bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ni, èyí tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń pè ní básíkẹ́ẹ̀tì. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀ sì jìnnà sí wa: Filipínì ni, orílẹ̀-èdè tó tò sórí erékùṣù tó lé ní 7,000 ní ìhà gúúsù ìlà-oòrùn Éṣíà.

Ní ibi púpọ̀, kóòṣì ni àgbàlagbà tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, tó ń pariwo, tó ń nàka, tí ohùn rẹ̀ á ti há kí eré tó parí. Bí àwọn ọmọ rẹ̀ bá ń ṣe àṣìṣe, kò sí ohun tó lè ṣe ju kó pààrọ̀ wọn lọ. Ọkùnrin tí mo mú wá bá yín yìí kò gbà pé ibẹ̀ ló yẹ kí iṣẹ́ kóòṣì mọ. Bí eré bá fẹ́ bọ́ mọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́, á dìde lórí bẹ́ǹṣì, á bọ́ aṣọ tó fi bo jẹ́sì rẹ̀, á ní kí ẹnì kan jáde, òun náà á sì wọlé. Bí awakọ̀ tó ń wa ọkọ̀ tó tún ń gba owó lọ́wọ́ èrò ni. Láti 1985 títí di 1997 ló fi ṣe iṣẹ́ méjèèjì pọ̀, nígbà tó sì fi máa gbé bàtà kọ́, ó ti lé ní ẹni 50 ọdún. Robert Jaworski lorúkọ rẹ̀.

Ẹ lè máa rò ó pé kí ló pa ará Filipínì pọ̀ mọ́ eré àwọn òmìrán. Òótọ́ ni, ọ̀pọ̀ wọn kò ga. Àmọ́ Amẹ́ríkà tó gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ Sípéènì ní 1898 ló gbé eré yìí dé ilé ìwé wọn ní nǹkan bí ọdún 1910, ẹgbẹ́ YMCA sì bá wọn tàn án kálẹ̀. Kò pẹ́ kò jìnnà, eré àlejò di ti onílé. Ní ìdíje Òlíḿpíìkì ti Berlin ní 1936, ipò karùn-ún ni wọ́n wà. Ní 1954, ní Rio de Janeiro, wọ́n ṣe ipò kẹta nínú ìdíje àgbáyé àwọn ọkùnrin, kò sì tíì sí orílẹ̀-èdè Éṣíà mìíràn tó ṣe tó bẹ́ẹ̀ títí di òní. Bí ẹ bá rìn wọ àdúgbò àwọn mẹ̀kúnnù ní Manila, ẹ ó rí irin róbótó tí wọ́n kàn mọ́ pátákó, tí wọ́n sì so mọ́ òpó iná, àwọn ọmọ tó wọ sílípáàsì á máa fò sókè lábẹ́ rẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́.

Ìlú Baguio, lórí àwọn òkè àríwá erékùṣù Luzon, ni wọ́n ti bí Jaworski ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹta ọdún 1946. Lóṣù Keje ọdún yẹn ni Filipínì gba òmìnira. Ará Amẹ́ríkà tí ìran rẹ̀ wá láti Pólàǹdì ni bàbá rẹ̀, ibẹ̀ lorúkọ tó ń kọ́ wa láhọ́n yẹn ti wá. Ọmọ ẹ̀yà Ilocano ni ìyá rẹ̀. Nígbà tó dàgbà, ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 6 àti ínǹṣì 1, ó sì ṣígbọnlẹ̀. Ẹni tó bá fi ara gbá a lórí pápá, òun fúnra rẹ̀ ni yóò ṣubú.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí iṣẹ́ tó ń ṣe nínú eré náà, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa wà. Èèyàn márùn-ún ló máa ń wà lórí pápá fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan nínú wọn ló máa ń gbá bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ bọ̀ láti ẹ̀yìn, tí á nàka méjì tàbí mẹ́ta sókè láti fi sọ fún àwọn yòókù irú eré tí wọ́n fẹ́ ṣe. Point guard ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń pín bọ́ọ̀lù, òun ló mọ ẹni tó ti rẹ̀, ẹni tí inú ń bí, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbóná lọ́jọ́ náà. Bó bá fi bọ́ọ̀lù lé ẹnì kan lọ́wọ́, tí ìyẹn sì jù ú wọ àwọ̀n, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ lórúkọ rẹ̀ pé ó ṣe ìrànlọ́wọ́ kan. Irú ìrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀ tó 5,825 lórúkọ Jaworski nínú PBA, líìgì ńlá ti Filipínì, òun sì lẹni àkọ́kọ́ tó kọjá 5,000 níbẹ̀. Ní tèmi, ẹni tó bá ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa ti ṣe ìdajì iṣẹ́ kóòṣì kí ẹnikẹ́ni tó fún un lóyè. Ìdajì kejì ló máa ń ni èèyàn lára.

Yunifásítì kan ní Manila tí wọ́n ń pè ní University of the East ló ti kọ́kọ́ lókìkí. Kóòṣì ibẹ̀ ni Virgilio Dalupan, tí gbogbo ìlú ń pè ní Baby. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí orúkọ Dalupan bọ́ lọ́wọ́ yín, a ó tún pàdé rẹ̀ níwájú. Ní 1967, Jaworski wà nínú ikọ̀ Filipínì tó gba ife ẹ̀yẹ Éṣíà ní Seoul. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó bá wọn lọ sí Òlíḿpíìkì ní ìlú Mexico.

Nǹkan kan wà tó lè ya ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ lẹ́nu nípa eré àwọn ará Filipínì. Nínú líìgì ńlá wọn, ẹgbẹ́ kì í jẹ́ orúkọ ìlú. Kì í ṣe bí a ṣe ń sọ pé Shooting Stars ti Ìbàdàn. Iléeṣẹ́ ló ń dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, ẹgbẹ́ náà á sì máa jẹ́ orúkọ ọjà tí iléeṣẹ́ náà ń tà. Meralco tí Jaworski gbá bọ́ọ̀lù fún kí PBA tó bẹ̀rẹ̀, iléeṣẹ́ iná mànàmáná ni. Crispa, aṣọ ni wọ́n ń ṣe. Toyota, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ginebra, ọtí jíìnì ni. Bí iléeṣẹ́ bá fẹ́ polówó ọjà tuntun, orúkọ ẹgbẹ́ á yí padà, àwọn olólùfẹ́ á sì tún orin wọn kọ.

Ní 1971, nígbà tí Meralco ń bá Crispa figagbága, Jaworski àti ẹnìkejì rẹ̀ nínú ẹgbẹ́, Alberto Reynoso tí wọ́n ń pè ní Big Boy, bínú sí ìdájọ́ àwọn rẹfirí. Wọ́n lu rẹfirí méjì lójú gbogbo ayé. Mi ò ní bò ó mọ́lẹ̀ nítorí pé ọkùnrin náà di olókìkí lẹ́yìn náà. Àjọ tó ń darí básíkẹ́ẹ̀tì nílẹ̀ náà lé àwọn méjèèjì kúrò nínú eré títí ayé. Ọmọ ọdún 25 ni Jaworski nígbà yẹn, kò sì yẹ kí ìtàn rẹ̀ ní orí mìíràn mọ́.

Ohun tó gbà á sílẹ̀ kì í ṣe ìwà rere. Ní 1973, Manila ló gbàlejò ìdíje Éṣíà, àwọn aláṣẹ sì mọ̀ pé bí wọ́n bá pàdánù ife náà nínú ilé ara wọn, ojú á tì wọ́n. Wọ́n fagi lé ìjìyà náà, wọ́n pe Jaworski àti Reynoso padà, Filipínì sì gba ife ẹ̀yẹ náà láìpàdánù eré kankan. Ẹ wo bí nǹkan ṣe rí: ìdájọ́ títí ayé kò lò tó ọdún mẹ́ta. Ẹ̀kọ́ tí ọ̀dọ́mọkùnrin lè rí kọ́ níbẹ̀ kò dára, ó sì jọ pé Jaworski kọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀, bí a ó ṣe rí i.

Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹrin ọdún 1975, líìgì àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ṣiṣẹ́ jẹun bẹ̀rẹ̀ ní gbọ̀ngán Araneta Coliseum, Quezon City. PBA ni wọ́n pè é, òun sì ni irú rẹ̀ àkọ́kọ́ ní gbogbo Éṣíà. Ìdíje mẹ́ta ni wọ́n ń ṣe lọ́dún, ife mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Nínú òmíràn, ẹgbẹ́ lè gba ará ilẹ̀ òkèèrè síṣẹ́, àmọ́ wọ́n á wọn gíga rẹ̀ kó má baà ju bó ṣe yẹ lọ. Toyota ni Jaworski wà, pẹ̀lú Ramon Fernandez tó ga fíofío àti Francis Arnaiz tí í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́. Ní òdìkejì ni Crispa wà, ta sì ni kóòṣì Crispa? Baby Dalupan, olùkọ́ rẹ̀ ní yunifásítì! Toyota gba ife méjì àkọ́kọ́ ní 1975, Crispa gba ẹ̀kẹta, nígbà tó sì di 1976, Crispa kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ.

Ìjà ẹgbẹ́ méjèèjì yìí pín ilé, ó pín ọjà. Láàárín tọkọtaya pàápàá, ọ̀kan lè jẹ́ ti Toyota kí èkejì jẹ́ ti Crispa. Ní 1977, lẹ́yìn eré kan, àwọn agbábọ́ọ̀lù wọ̀yá ìjà débi pé ọ̀rọ̀ di ti ìjọba. Ààrẹ Ferdinand Marcos ń fi òfin ológun ṣèjọba nígbà náà. Wọ́n kó àwọn gbajúmọ̀ ẹgbẹ́ méjèèjì lọ sí àgọ́ ológun Fort Bonifacio, ibẹ̀ ni wọ́n sùn mọ́jú. Lọ́dún kejì rẹ̀, ìyẹn 1978, Jaworski ni wọ́n yàn ní agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ nínú líìgì.

Ẹ jẹ́ kí n fo ọdún mélòó kan. Lẹ́yìn sáà 1983, Toyota tú ẹgbẹ́ rẹ̀ ká. Wọ́n ta àwọn agbábọ́ọ̀lù pọ̀ fún iléeṣẹ́ mìíràn tó ń pọn bíà. Fernandez bá wọn lọ, Jaworski kọ̀. Òun àti Arnaiz gba ọ̀dọ̀ Gilbey's Gin lọ, ẹgbẹ́ iléeṣẹ́ La Tondeña. Láti ìgbà yẹn ni àárín òun àti Fernandez ti dàrú, tí wọn kò kí ara wọn mọ́, ọdún márùn-ún ni ìwé ìròyìn sì fi jẹ lórí ọ̀rọ̀ náà. Ní 1985, ẹgbẹ́ Gilbey's yí orúkọ padà sí Ginebra San Miguel, wọ́n sì fi Jaworski ṣe kóòṣì. Ọmọ ọdún 39 ni. Kò fi bàtà sílẹ̀.

Kí ló dé tí iléeṣẹ́ kan á fi iṣẹ́ méjì lé ẹnì kan lọ́wọ́? Ní ojú tèmi, ìṣirò ọjà wà níbẹ̀. Àwọn èèyàn ń san owó wọlé láti wo Jaworski. Àwọn onímọ́tò, àwọn alágbàṣe, àwọn ìyálọ́jà tí jíìnì olówó pọ́ọ́kú náà wà fún, àwọn ló jókòó sókè réré nínú gbọ̀ngán níbi tí tíkẹ́ẹ̀tì kò ti wọ́n. Bí eré bá ń lọ, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ rẹ̀, wọ́n á pè é títí yóò fi dìde. Jaworski mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì mọ ìgbà tó yẹ kó dìde. Nígbà mìíràn ìṣẹ́jú díẹ̀ ló ń gbá, kò sì ní jù ú sáwọ̀n lẹ́ẹ̀kan. Àmọ́ ariwo tó bá a wọlé yóò ti ta àwọn ọmọ rẹ̀ jí, rẹfirí yóò sì ti máa wo ẹ̀yìn.

Ìròlẹ́ kan wà ní oṣù Kẹwàá ọdún 1985 tí gbogbo èyí ti bẹ̀rẹ̀. Ginebra ń kojú ikọ̀ Northern Consolidated Cement. Àwọn yìí kì í ṣe ẹgbẹ́ yẹpẹrẹ, ikọ̀ tí ará Amẹ́ríkà kan, Ron Jacobs, ń kọ́ fún orílẹ̀-èdè ni wọ́n. Ìgbọ̀nwọ́ Jeff Moore, ọ̀kan nínú wọn, ba Jaworski lẹ́nu, ètè rẹ̀ là, ẹ̀jẹ̀ ń dà. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n fi abẹ́rẹ́ rán an lójú mẹ́sàn-án. Ẹlòmíràn á lọ sùn. Jaworski ní kí wọ́n gbé òun padà sí gbọ̀ngán. Nígbà tó wọlé, ìdá kẹrin eré ni wọ́n wà, ikọ̀ Jacobs sì ti fi àmì 15 ṣíwájú. Gbogbo èèyàn dìde. Ó jókòó díẹ̀, ó wọ pápá, eré sì yí. Àwọn tó ń ṣíwájú bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, bọ́ọ̀lù ń bọ́ lọ́wọ́ wọn, Ginebra sì borí. Láti alẹ́ yẹn ni wọ́n ti ń sọ nípa ẹgbẹ́ náà pé kì í gbà pé òun ti kú. Títí di òní, ohun tí àwọn olólùfẹ́ wọn ń ké nìyẹn.

Mo ti gbọ́ tí àwọn onímọ̀ eré náà ń sọ pé Jaworski kò ní ète púpọ̀, pé kò ya àwòrán eré sórí pátákó bí àwọn kóòṣì òde òní. Ó lè jẹ́ òótọ́. Àmọ́ ẹ wo alẹ́ ọjọ́ yẹn. Àwòrán wo ni ẹ fẹ́ yà sórí pátákó tí yóò ṣe ohun tí ètè tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán ṣe? Ohun tí point guard mọ̀ ló ń lò: ẹni tó ti rẹ̀, ẹni tó ń bẹ̀rù, ìgbà tí ọkàn alátakò fẹ́ já. Ó kàn jẹ́ pé orí bẹ́ǹṣì ló ti ń wò ó báyìí ni.

Ní 1986, ó gba ife àkọ́kọ́ fún Ginebra. Ó ní àwọn ará Amẹ́ríkà méjì tó kúnjú ìwọ̀n: Michael Hackett, tó ti jẹ àmì 103 nínú eré kan ṣoṣo lọ́dún tó ṣáájú, àti Billy Ray Bates, tó ti gbá bọ́ọ̀lù fún Portland nínú NBA ti Amẹ́ríkà tí ọtí sì lé kúrò níbẹ̀. Manila Beer ni wọ́n borí ní àṣekágbá. Ní 1988, ẹgbẹ́ náà ti di Añejo Rum 65, ọjà ti yí padà, wọ́n sì tún gba ife, Purefoods ni wọ́n nà. Purefoods yìí ni Fernandez wà. Òun náà ti dán iṣẹ́ méjèèjì wò níbẹ̀ lọ́dún yẹn, kóòṣì àti agbábọ́ọ̀lù, kò sì pẹ́ tó fi gbé e kalẹ̀. Fernandez sì dára ju Jaworski lọ nídìí ká máa jẹ àmì, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n yàn án ní ọ̀gá láàárín agbábọ́ọ̀lù. Iṣẹ́ méjì yẹn kì í ṣe ti gbogbo èèyàn.

Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà ọdún 1989, líìgì ṣe eré àwọn gbajúmọ̀, àwọn àgbà takò àwọn ọ̀dọ́. Jaworski àti Fernandez bá ara wọn nínú ẹgbẹ́ kan náà, wọn kò sì tíì bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti ọdún pípẹ́. Ta ni wọ́n fi ṣe kóòṣì àwọn àgbà? Baby Dalupan. Ó ku ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, àmì wọn dọ́gba. Jaworski dúró létí ìlà, bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì wá ẹni tó máa jù ú sí. Fernandez ló jù ú sí. Ìyẹn gbà á, ó fi í sáwọ̀n, àwọn àgbà borí pẹ̀lú 132 sí 130. Dalupan ní kí àwọn méjèèjì bọ ara wọn lọ́wọ́ láàárín pápá, wọ́n sì bọ̀ ọ́. Àwọn tó wà níbẹ̀ kò jókòó mọ́.

Ọdún 1989 yẹn kan náà ni òfin àgbáyé yí padà, tí àwọn tó ń gba owó oṣù lórí eré fi lè ṣojú orílẹ̀-èdè wọn. Filipínì kó àwọn ọmọ PBA jọ fún ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n sì rán wọn lọ sí Eré Éṣíà ní Beijing ní 1990. Jaworski ni kóòṣì. Fernandez wà níbẹ̀, Allan Caidic tó ń ju bọ́ọ̀lù láti ọ̀nà jíjìn wà níbẹ̀, Alvin Patrimonio náà wà níbẹ̀. Wọ́n dé àṣekágbá, Ṣáínà tó gbàlejò ìdíje náà nà wọ́n, fàdákà ni wọ́n gbé bọ̀. Inú àwọn kan kò dùn sí fàdákà náà nígbà yẹn, àmọ́ fún ọgbọ̀n ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn rẹ̀, Filipínì kò tún dé àṣekágbá Eré Éṣíà mọ́ títí di 2023.

Ọdún 1990 yẹn kan náà ni ojú àtijọ́ tún yọ. Nínú àṣekágbá pẹ̀lú ẹgbẹ́ Shell, Jaworski àti ẹgbẹ́ rẹ̀ bínú sí ìdájọ́ àwọn rẹfirí, wọ́n kó ẹrù wọn, wọ́n jáde nínú gbọ̀ngán. Shell gba ife láìjẹ́ pé eré parí, líìgì sì bu owó ìtanràn ńlá lé ẹgbẹ́ Jaworski. Ẹ ó sọ pé jíjáde sàn ju lílu èèyàn lọ, òótọ́ ni. Àmọ́ kóòṣì kì í ṣe ara rẹ̀ nìkan ló ń kó jáde. Ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ló tẹ̀ lé e, iṣẹ́ wọn ló sì fi ṣeré. Ohun tí mo ní lọ́kàn nìyí nígbà tí mo sọ pé ìdajì kejì iṣẹ́ kóòṣì máa ń ni èèyàn lára: kí a kó inú tó ń bí wa sábẹ́ nítorí àwọn tó ń wò wá. Jaworski kò mọ apá yẹn rí dáadáa.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún pàdé Shell ní àṣekágbá. Ẹgbẹ́ tó bá kọ́kọ́ borí lẹ́ẹ̀mẹrin ló ni ife. Shell ti borí lẹ́ẹ̀mẹta, ẹgbẹ́ Jaworski, tó tún ti ń jẹ́ Ginebra, lẹ́ẹ̀kan péré. Lóòótọ́, kò sí ẹni tó máa fi owó rẹ̀ lé Ginebra lórí. Wọ́n gba ẹ̀karùn-ún, wọ́n gba ẹ̀kẹfà. Nínú eré keje, àmì dọ́gba, àkókò fẹ́ tán, bọ́ọ̀lù sì bọ́ sọ́wọ́ Rudy Distrito. Distrito kì í ṣe ẹni tí kóòṣì onípátákó á gbé bọ́ọ̀lù ìkẹyìn lé lọ́wọ́. Oníjàgídíjàgan ni, ìnagijẹ rẹ̀ pàápàá ń sọ̀rọ̀ ìparun. Ó fò sókè lójú Benjie Paras, ẹni tí í ṣe ọ̀gá àwọn agbábọ́ọ̀lù ní 1989, ó sì sọ ọ́ sínú àwọ̀n. 104 sí 102. Jaworski ló kó irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ jọ, àwọn tí ẹgbẹ́ mìíràn kò fẹ́ tàbí tí kò mọ̀ bí wọ́n ṣe lè lò wọ́n, ó sì jẹ́ kí wọ́n gbà pé àwọn lè ṣe é.

Lẹ́yìn 1991, wọn kò rí ife gbà fún ọdún mẹ́fà. Ginebra já wálẹ̀ pátápátá nígbà kan, kí àwọn ọ̀dọ́ bíi Noli Locsin, Marlou Aquino àti Bal David tó wọlé. Ní 1997, lórúkọ Gordon's Gin, wọ́n na ẹgbẹ́ Alaska, Jaworski sì gba ife kẹrin, èyí tó kẹ́yìn. Ọdún yẹn náà ló wọ pápá gbẹ̀yìn. Ọmọ rẹ̀, Robert kékeré tí wọ́n ń pè ní Dodot, ti dàgbà tó láti gbá bọ́ọ̀lù nínú ẹgbẹ́ bàbá rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ òṣèlú kò ní pẹ́ lẹ́nu mi. Ní 1998, ọdún tí òṣèré sinimá Joseph Estrada di ààrẹ, wọ́n dìbò yan Jaworski sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà, ó sì fi Ginebra sílẹ̀. Ó wà lára àwọn tó ti òfin omi mímọ́ ti 2004 lẹ́yìn. Àmọ́ ní oṣù Kíní ọdún 2001, nígbà tí ilé náà ń gbọ́ ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan Estrada, ó wà lára àwọn 11 tó dìbò pé kí wọ́n má ṣí àpòòwé tí ẹ̀rí kan wà nínú rẹ̀. Ará ìlú tú síta, Estrada bọ́ kúrò lórí oyè láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ní 2004, nígbà tí Jaworski tún jáde fún ìbò, wọn kò dìbò fún un tó. Ariwo gbọ̀ngán eré kì í fi dandan bá èèyàn dé ibi àpótí ìbò.

Bí a bá fi iye ife wọn àwọn kóòṣì, Jaworski kò sí níwájú. Mẹ́rin ló gbà. Dalupan gba 15 nínú PBA. Tim Cone, ará Amẹ́ríkà tó dàgbà sí Filipínì, ti kọjá 20, láti 2015 ló sì ti ń darí Ginebra kan náà yìí. Ṣùgbọ́n àwọn èrò tó ń kún gbọ̀ngán fún Cone, Jaworski ló kó wọn jọ sílẹ̀ fún un. Àwọn kan nínú wọn kò tíì dáyé nígbà tí wọ́n rán ètè ọkùnrin náà. Ní 2012, ẹgbẹ́ náà kéde pé ẹnikẹ́ni kò ní wọ jẹ́sì nọ́ńbà 7 rẹ̀ mọ́.

Ẹ̀yin olùkọ́ eré ìdárayá tó ń gbọ́ wa, àti ẹ̀yin ọmọ tó ń ju bọ́ọ̀lù sínú àpẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ilé ìwé, mo ní ẹ̀bẹ̀ kan. Fọ́nrán eré àwọn gbajúmọ̀ ti 1989 yẹn wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ wá a wò. Bó bá ku ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ẹ má wo Fernandez tó máa jẹ àmì. Jaworski ni kí ẹ wò, létí ìlà, pẹ̀lú bọ́ọ̀lù lọ́wọ́, bó ṣe ń yan ẹni tó máa fún.